Ọwọ́ Òsì Mi àti Oògùn Màmá

Ẹ fún mi láyè díẹ̀ lónìí, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́dún tí wọ́n ti bọ́dà. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ́. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, omijé á dí mi lójú, màá pa fóònù tì, màá padà sídìí máṣíìnì mi. Lónìí, bí mo sunkún, bí mi ò sunkún, màá kọ ọ́ tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé télọ̀ ni mí, ní Ìlárá níbí, ẹ sì mọ̀ pé ẹnu mi kì í dákẹ́. Ohun tí púpọ̀ nínú yín ò mọ̀ ni pé ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń gé aṣọ, òun ni mo fi ń kọ̀wé, òun náà ni mo fi ń ro ọkà. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn.

Màmá mi ò gba ìyẹn gbọ́ o. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí mo bá nawọ́ òsì gba oúnjẹ, pàì! ọwọ́ wọn á ti balẹ̀ lẹ́yìn ọwọ́ mi. Bí mo bá fi gbé omi fún àgbàlagbà, pàì! Wọn kì í bínú tí wọ́n bá ń gbá a. Wọ́n á gbá a bí ẹni pa ẹ̀fọn, wọ́n á ní, "Ọ̀tún, Àṣàkẹ́." Bí inú wọn bá dùn, wọ́n á fi òwe kún un, pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Èmi náà á yí ọwọ́ padà. Nígbà tí mo fi máa wọlé ọkọ, mo ti mọ ọwọ́ tí wọ́n fi ń fún èèyàn ní nǹkan níta. Ṣùgbọ́n nínú yàrá ara mi, ta ló ń wò mí?

Òdìkejì bọ́dà ni wọ́n ti bí Màmá, ní apá Faransé. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ Ìlárá, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Èèyàn lè sùn ní Nàìjíríà níbí, kí oko bàbá rẹ̀ wà ní òdìkejì. A ti ń gba ọ̀nà yẹn lọ sin òkú, a ti ń gbà á lọ gbé ìyàwó, kí ẹnikẹ́ni tó wá fi àgbá dí i. Bàbá mi ló gbé Màmá wá sí apá ibí, ọdún ńlá sì ni wọ́n jọ lò kí bàbá tó kú.

Lẹ́yìn ikú bàbá ni Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Wọ́n á fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, wọ́n á tún fi sí i. Wọ́n á ní kí n lọ wo bóyá bàbá ti dé láti oko. Nígbà tó yá, wọn ò dá mi mọ̀ mọ́. Wọ́n á máa pè mí ní orúkọ ẹni tí mi ò mọ̀ rí, wọ́n á sì bi mí pé ilé ta ni mo ti wá. Àwọn ará àdúgbò ní Màmá ti ń ṣarán. Dókítà tó kọ́kọ́ rí wọn ní àìsàn ọpọlọ ni, pé ó máa ń mú àgbàlagbà, kò sì ní ìwòsàn.

Ẹni tó bá mi gbé ẹrù náà ni àbúrò Màmá, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Kétu. Láàárọ̀, ọ̀kadà á gbé wọn kọjá bọ́dà, wọ́n á di búrẹ́dì Faransé gígùn yẹn dání. Wọ́n á wẹ Màmá, wọ́n á fún wọn lóúnjẹ, wọ́n á jókòó tì wọ́n títí ìrọ̀lẹ́. Tí ẹ bá gbọ́ ẹ̀rín tí àwọn méjèèjì máa ń rín! Ọ̀rọ̀ ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọdé ni wọ́n ń sọ, Màmá kì í sì í gbàgbé ìyẹn. Èmi á wà lóde lórí máṣíìnì, màá máa gbọ́ wọn láti inú yàrá. Tí n bá ní ohun kan tí mo fẹ́ tún gbọ́ láyé yìí, ẹ̀rín yẹn ni.

Ni wọ́n bá ti bọ́dà. Orí rédíò la ti gbọ́ ọ. Mo rántí pé mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ti ìrẹsì àti mọ́tò ni wọ́n ń wí, kí ló kan arúgbó tó gbé búrẹ́dì dání?

Ó kàn wá o. Màmá Kétu dé ibi tí wọ́n to àgbá sí lójú ọ̀nà, ṣọ́jà ní kí wọ́n padà. Wọ́n ṣàlàyé pé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n àwọn tára rẹ̀ ò yá làwọn ń lọ. Ṣọ́jà bẹ̀ wọ́n pé kí màmá má bínú, iṣẹ́ tí wọ́n rán òun lòun ń jẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń gba inú igbó kọjá, lóòótọ́. Màmá Kétu náà dán an wò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ṣubú sí kòtò, ọmọ wọn sì fàáké kọ́rí pé ìyá òun ò ní gba ibẹ̀ mọ́. Bí oúnjẹ Màmá ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́ nìyẹn.

Ọwọ́ Màmá ti ń gbọ̀n nígbà yẹn, wọn ò lè bu oúnjẹ sẹ́nu fúnra wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo po ẹ̀kọ, mo fi mílíìkì sí i, mo jókòó níwájú wọn. Mo di èjìká wọn mú kí wọ́n má baà ṣubú, mo wá fi ọwọ́ tó mọ́ mi lára bu ẹ̀kọ sún mọ́ ẹnu wọn. Màmá gbá ṣíbí dànù.

Mo ní èèṣì ni. Mo fọ ṣíbí, mo tún bu òmíràn, wọ́n tún gbá a dànù. Mo ní, "Màmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun." Mo di wọ́n mú le sí i, mo tún gbé e sún mọ́ wọn. Ni wọ́n bá wò mí lójú kòrókòró, wọ́n gbé abọ́ ẹ̀kọ gbígbóná náà, wọ́n dà á lé mi láyà. Díẹ̀ ta sí itan àwọn náà, ó sì bó.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí mo bá gbé oúnjẹ wá, ìjà ni. Tí mo bá gbé omi wá, ìjà ni. Wọ́n fi ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn lù mí ní apá títí ó fi wú. Wọ́n gé mi jẹ. Wọ́n sì bú mi ní èébú tí mi ò mọ̀ pé ìyá mi gbọ́ rí láyé, ká má tíì sọ pé wọ́n mọ̀ ọ́n bú.

Ohun tó dùn mí jù ni pé èmi nìkan ni. Bàbá Tọ́mi, ọkọ mi, á bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, á fi sí wọn lẹ́nu lálẹ́ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á sì ṣàdúrà fún un pé kò ní ríjà ọmọ aráyé. Ìyá Bísọ́lá tó wà nílé kejì á bu ẹ̀wà wá, wọ́n á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Bàbá Tọ́mi ń kọ́ni ní Ìmẹ̀kọ, kì í sí nílé láti àárọ̀. Ìyá Bísọ́lá ń roko. Èmi ni mo wà nílé, èmi sì ni wọ́n kórìíra. Àfi bí ẹni pé mo jí ewúrẹ́ wọn.

Ẹ mọ ẹnu àwọn èèyàn. Ẹnì kan wá bá mi lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí n má bínú o, ojú àgbà máa ń rí ohun tí ojú ọmọdé ò rí. Ó ní kí n yẹ ara mi wò. Ṣé ẹ mọ ohun tó ń wí? Ó ń fẹ̀sọ̀ sọ pé àjẹ́ ni mí. Mo dá a lóhùn dáadáa lọ́jọ́ yẹn, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, mo wọ yàrá, mo bojú wo dígí, mo bi ara mi pé kí ni Màmá ń rí lójú mi?

Màmá sì ń rù. Egungun èjìká wọn yọ síta. Tọ́mi dé láti ilé ìwé l'Ayétòrò, ó rí ìyá àgbà rẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ìgbà yẹn ni Bàbá Tọ́mi ní ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ohun tí a lè fi ọwọ́ bò mọ́lẹ̀, a gbọ́dọ̀ gbé wọn lọ sí Abẹ́òkúta.

Dókítà tó ń rí sí àìsàn ọpọlọ níbẹ̀ ò kánjú. Ó yẹ ìtọ̀ wọn wò, ó yẹ ẹnu wọn wò bóyá eyín ló ń dùn wọ́n, ó yẹ etí wò. Ó ní ìbínú irú àwọn arúgbó báyìí máa ń ní ìdí, wọn ò kàn lè fẹnu sọ ọ́ mọ́ ni. Ó bi mí pé kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bínú. Mo ní kò sí nǹkan kan, oúnjẹ ni mo ń gbé wá. Ó bi mí pé ta ni wọ́n máa ń lù. Mo ní èmi ni. Ó ní èmi nìkan? Bàbá Tọ́mi ló bá mi dáhùn.

Ó ní nítorí ẹ̀kọ tó bó wọn nítan àti oúnjẹ tí wọn ò jẹ, òun máa fún wọn ní tábílẹ́ẹ̀tì kékeré kan fún ìgbà díẹ̀, kó lè mú ara wọn rọlẹ̀. Ó tẹnu mọ́ "ìgbà díẹ̀" yẹn dáadáa. Ó ní oògùn náà lè mú kí arúgbó máa ṣubú, ó lè mú kí ara wọn le, ó tiẹ̀ lè fa rọpárọsẹ̀. Kí n gbé wọn padà wá lẹ́yìn oṣù kan. Kí n má fi kún un, kí n má sì dá a dúró fúnra mi.

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Ọlọ́run gbọ́, ó ṣiṣẹ́. Ká tó dé ọ̀sẹ̀ kejì, Màmá ti dákẹ́. Mo gbé ẹ̀kọ sún mọ́ wọn, wọ́n la ẹnu. Mo gbé omi wá, wọ́n mu ún. Ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn wà ní igun yàrá, kò lu ẹnikẹ́ni. Ìyá Bísọ́lá ní ká lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, a sì lọ. Pásítọ̀ gbé gbohùngbohùn fún mi, mo sọ pé Olúwa ti tu ìyá mi nínú. Gbogbo ìjọ ṣe àmín.

Àmín náà ò tíì tán létí mi tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan. Ibi tí mo bá gbé Màmá jókòó sí láàárọ̀, ibẹ̀ ni màá bá wọn ní ọ̀sán. Itọ́ á máa ṣàn ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu wọn, wọn ò ní nù ún. Wọn ò pè mí ní orúkọ èèyàn mìíràn mọ́. Wọn ò béèrè bàbá mi mọ́. Wọ́n máa ń sọ tẹ́lẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ pé àwọn fẹ́ lọ sílé, kí n wá bá àwọn dira, èyí tó máa ń sú mi gan-an. Wọn ò sọ ìyẹn náà mọ́. Bí mo bá bu yẹ̀pẹ̀ sínú ṣíbí, wọ́n á gbé e mì.

Màmá Kétu pè lórí fóònù. Mo gbé fóònù sí Màmá létí. Mò ń gbọ́ ohùn àbúrò wọn tó ń pe oríkì wọn, tó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Màmá ń wo ògiri. Nígbà tó yá, mo gbọ́ pé Màmá Kétu ń sunkún. Wọ́n bi mí ní jẹ́jẹ́ pé, "Àṣàkẹ́, ṣé ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀?" Mo ní wọ́n wà níbẹ̀. Irọ́ ni mo pa.

Ẹ gbà mí gbọ́, àárò obìnrin tó ń fi ọ̀pá lù mí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ mí. Ṣé ẹ ti rí irú ẹ̀ rí? Ìyá mi wà níwájú mi, mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń wọṣọ fún wọn, àárò wọn sì ń pa mí kú lọ. Ẹni tó ń lù mí bínú sí mi, ó kéré tán. Ẹni yìí ò mọ̀ pé mo wà.

Oṣù kan pé, ó yẹ ká padà sí Abẹ́òkúta. Àsìkò yẹn gan-an ni ìjọba ní kí wọ́n má gbé bẹntiróòlù wá sí àwọn ilé epo tó sún mọ́ bọ́dà mọ́. Ẹ̀yin ará ibí rántí. Gbogbo ilé epo tì pa, ọ̀kadà wà nílẹ̀ lásán lójúde, mọ́tò tó ń lọ sí Ayétòrò pàápàá di ohun àwárí. Nínú kí n gbé arúgbó tí kò lè dúró sórí ọ̀kadà dé Abẹ́òkúta àti kí n dúró, mo dúró. Mo lọ bá nọ́ọ̀sì ní ibùdó ìlera wa, mo ní ṣé kí n kúkú da oògùn yìí nù. Ó ní rárá o, bí mo bá dá a dúró lójijì, ó lè burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní kí n wá gbogbo ọ̀nà kí n fojú kan dókítà.

Ọkọ̀ tó ń kó gaàrí lọ sí Abẹ́òkúta ló gbé wa níkẹyìn. Awakọ̀ náà máa ń ra epo tirẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì lọ́hùn-ún. A jókòó síwájú, Màmá wà láàárín èmi àti awakọ̀, orí wọn wà léjìká mi. Gbogbo ibi tí ṣọ́jà bá ti dá wa dúró, wọ́n á yọjú, wọ́n á rí Màmá, wọ́n á ní ká máa lọ. Mo ń ronú pé ká ní wọ́n ti ṣe irú àánú yìí fún Màmá Kétu ni, bóyá a ò bá tí dé ibí.

Dókítà gbé apá Màmá sókè, apá náà le. Ó wo itọ́ tó ń ṣàn. Ó ní oògùn ti pọ̀ jù fún wọn, pé ó ti pẹ́ jù pẹ̀lú. Ó ní ká dín in kù díẹ̀díẹ̀, ó sì ṣàlàyé bí a ó ṣe máa dín in títí a ó fi fi í sílẹ̀. Ó fún mi ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ epo. Ó wá ní tí ìbínú bá tún dé, kí n má wo Màmá nìkan. Kí n wo ohun tí èmi gan-an ń ṣe kí ìbínú náà tó dé.

Èmi? Inú bí mi. Mo ní lọ́kàn mi pé èmi tí wọ́n lù ni wọ́n tún fẹ́ dá lẹ́bi.

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kan, wọ́n nu itọ́ ẹnu wọn fúnra wọn. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n lé adìyẹ. Ẹ̀rù sì ń bà mí pé ọ̀pá máa padà bọ̀. Mo gbé ọ̀pá náà pamọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, kí n má parọ́ fún yín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń gé aṣọ ìkómọjáde oníbàárà kan, Màmá jókòó tì mí lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ti bó ọsàn kan sílẹ̀ fún wọn. Mo fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, mo mú ọsàn, mo nà án sí wọn láìwojú wọn.

Pàì!

Ọsàn bọ́ sílẹ̀, ó ń yí lọ. Mo yíjú padà, mo ti ká ara mi kò de ẹ̀ṣẹ́. Màmá ò bínú rárá. Wọ́n ń wo ẹ̀yìn ọwọ́ òsì mi níbi tí wọ́n gbá. Wọ́n ní, "Ọ̀tún, Àṣàkẹ́. Ṣé títí ayé ni màá fi máa wí i ni?"

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí wọn ò ti pe orúkọ mi.

Mo mú ọsàn náà nílẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo fi ọwọ́ ọ̀tún nà án sí wọn. Wọ́n gbà á. Wọ́n ní màá jẹ èrè ọmọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọsàn wọn, èmi sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú àgékù aṣọ, mò ń sunkún, mò ń rẹ́rìn-ín.

Ṣé ó ti yé yín báyìí? Ọ̀tún ni Màmá Kétu fi ń fún wọn lóúnjẹ. Ọ̀tún ni Bàbá Tọ́mi, ọ̀tún ni Ìyá Bísọ́lá. Èmi nìkan ni mo ń na òsì sí wọn lẹ́nu láràárọ̀, tí mo tún ń di wọ́n mú mọ́lẹ̀ kí wọ́n lè gbà á. Ìyá mi ò rí àjẹ́ kankan. Ìyá mi ò kórìíra mi. Wọ́n ti gbàgbé pé ọkọ àwọn kú, wọ́n ti gbàgbé ojú mi, wọ́n ti gbàgbé ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n rí ọwọ́ òsì, wọ́n sì mọ iṣẹ́ tí ìyá ń ṣe sí i. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ́ mi, èmi ò sì gbọ́, ni wọ́n fi mú ọ̀pá.

Mo pe dókítà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní kí n máa fi ọ̀tún bá a lọ bẹ́ẹ̀, ká sì tẹ̀ síwájú láti máa dín oògùn náà kù. Oṣù tó tẹ̀ lé e, a fi í sílẹ̀ pátápátá.

Mi ò ní sọ fún yín pé gbogbo nǹkan wá dára. Ìrọ̀lẹ́ ṣì ń dé, wọ́n ṣì ń fẹ́ lọ sílé, ìgbà mìíràn wà tí wọ́n á ti ìlẹ̀kùn títí á fẹ́ẹ̀ já. Èmi náà ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ ọ̀tún fún èèyàn lóúnjẹ lẹ́yìn tí mo ti dàgbà tán. Ẹ̀kọ á kun àgbọ̀n wọn, á kun imú wọn. Màmá á wò mí, wọ́n á ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?" Inú mi máa ń dùn tí wọ́n bá bú mi báyẹn.

Nítorí ọ̀rọ̀ àtilọ sílé yẹn, èmi àti Màmá Kétu dá ọjọ́ kan lórí fóònù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti Bàbá Tọ́mi rọra mú Màmá rìn lọ sí ìtòsí ibi tí wọ́n to àgbá sí. Màmá Kétu dúró ní apá tiwọn, ọmọ wọn dì wọ́n mú. Ṣọ́jà wò wá, ó wo ibòmíràn. Màmá Kétu ń juwọ́, wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n wọn. Màmá tẹjú mọ́ wọn títí. Wọ́n bi mí pé, "Ta lobìnrin yẹn tó jọ ìyá mi?"

Mo ní, "Àbúrò yín ni, Màmi. Ẹ wo ilé bàbá yín lọ́hùn-ún." Mo nàka sí ọ̀nà náà. Màmá di ọwọ́ mi mú, wọ́n rọra tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Wọ́n wá mú ọwọ́ mi kejì, ti ọ̀tún, wọ́n gbé e sókè fún mi, wọ́n sì fi nàka sí òdìkejì bọ́dà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dúró, tí wọ́n fi ọwọ́ mi júwe ilé bàbá wọn títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Màmá ò dúró de kí wọ́n ṣí bọ́dà. Orí ibùsùn ni wọ́n sùn lọ sí, ní àárọ̀ kan, wọn ò sì jí. A sin wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ bàbá mi.

Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà, Màmá Kétu gun ọ̀kadà wá, wọ́n di búrẹ́dì gígùn yẹn dání bíi ti àtijọ́. Wọ́n jókòó sórí àga Màmá. Wọ́n bu búrẹ́dì, wọ́n ní kí n gbà. Mo na ọwọ́ òsì. Kí n má tàn yín, mo mọ̀ọ́mọ̀ nà án ni. Màmá Kétu gbé búrẹ́dì lé e, wọ́n ní kí n tètè jẹ ẹ́ kó tó le.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ nínú ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀. Bí bàbá tàbí màmá yín bá ń ṣarán tó sì ń lu èèyàn, ẹ má sá fún dókítà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè yín ní àjẹ́. Oògùn wà, ó sì ní ìgbà tó wúlò. Ó ràn wá lọ́wọ́ nígbà tí ebi fẹ́ẹ̀ pa ìyá mi. Ṣùgbọ́n ẹ bi dókítà pé ìgbà wo lẹ máa fi í sílẹ̀. Ẹ padà lọ fún àyẹ̀wò, ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín. Kẹ́ ẹ tó lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé arúgbó ti dákẹ́, ẹ wo irú ìdákẹ́ tó dákẹ́. Ẹ sì wo ọwọ́ yín. Ó lè jẹ́ ẹ̀yin gan-an lẹ̀ ń ṣe ohun kan tí wọ́n ti kọ́ yín láti kékeré pé kẹ́ ẹ má ṣe.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́jú irú arúgbó báyìí ńkọ́? Kí ni tiyín ò gbàgbé nígbà tí wọ́n gbàgbé gbogbo nǹkan? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á, kódà bó gùn ju tèmi lọ.

Ọwọ́ òsì ni mo fi tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí látòkè délẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bá mi wí.